Alóè Mọ Ọ̀dá, Ó sì Mọ Òjò

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbin alóè ni pé kò fẹ́ omi. Wọ́n á ní kó gbìn ín, kó gbójú kúrò, pé alóè á tọ́jú ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn ewéko yìí ju gbogbo ohun tó kù nínú ọgbà mi lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í bá mi lára mu. Alóè fẹ́ omi gan-an. Sùúrù tó ní láti dúró de omi ló fi yàtọ̀ sí àwọn ewéko yòókù. Ó lè gba òjò ìgbà díẹ̀, kó fi la ọ̀pọ̀ oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n òjò yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rọ̀ lásìkò tí gbòǹgbò rẹ̀ ń retí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa títọ́jú alóè, orí èyí ló dúró lé: kí a tó béèrè bí ó ṣe máa la ọ̀dá já, ká kọ́kọ́ béèrè irú òjò tó mọ̀ nílé rẹ̀.

Ẹ mú ewé alóè kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á. Awọ tó le ló wà lóde, ìda tín-ín-rín sì bo awọ náà kí omi má bàa gba ibẹ̀ jáde. Lábẹ́ awọ ni oje kan ti máa ń sun, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì korò. Inú lọ́hùn-ún wá mọ́ gaara, ó ń yọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi tán. Àmù ni ewé kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá rọ̀, alóè á pọn wọ́n kún. Bí òjò bá dá, á máa bù ú mu díẹ̀díẹ̀, láti orí àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó. Ẹ̀yin náà á ti rí i pé ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rọ nígbà ẹ̀rùn, tí ọ̀mùnú àárín á ṣì le koko.

Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ wà nínú bí ó ṣe ń mí. Ewéko tó pọ̀ jù lọ láyé, ojú ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí àwọn ihò wínníwínní tó wà lára ewé wọn, kí wọ́n lè fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì wọlé, kí wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ. Àdánù wà níbẹ̀: bí ihò náà bá ti ṣí nínú ooru, omi inú ewé ń gba ibẹ̀ lọ. Alóè yí àkókò padà. Òru ló ń ṣí ihò tirẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tí omi kò ní yára sá lọ. Ó ń sọ kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì náà di ásíìdì, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ewé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí oòrùn bá yọ, ó ti pa ihò dé, iṣẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó kó jọ lóru.

Àyè tí ewé ní láti tọ́jú ásíìdì yìí kò pọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ni oúnjẹ tó lè ṣe lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí alóè kì í fi í yára dàgbà. Ẹni tó bá ń da ajílẹ̀ lé e lórí kó lè tètè tóbi, á rí ewé ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé náà á rọ̀, á máa wó, kò sì ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ajílẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò tó ń ta ewé tuntun ti tó o.

Irú alóè tó wà láyé lé ní 500. Áfíríkà ni ilé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn wà ní Madagásíkà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní àwọn erékùṣù inú Òkun Íńdíà. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ewéko yọ àwọn kan kúrò nínú ẹbí náà, wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun bí Aloidendron àti Kumara, ṣùgbọ́n àwọn ológbà ṣì ń pè wọ́n ní alóè, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ewéko kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú fún alóè, agave ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni agave ti wá. Fọ́nrán líle ló kún inú ewé rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń kú lẹ́yìn tó bá yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alóè ní tirẹ̀ lè máa yọ òdòdó lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kì í ṣe ẹbí kan náà rárá. Ọ̀dá ló kọ́ àwọn méjèèjì ní ọgbọ́n kan náà ní ibi tó jìnnà síra.

Ọ̀rọ̀ òjò ni mo fẹ́ dúró lé jù, nítorí ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń ṣe rere tàbí kó bàjẹ́.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpẹ̀kun Gúúsù Áfíríkà, ìgbà òtútù ni òjò máa ń rọ̀, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ. Ìgbà ooru ibẹ̀ ló gbẹ. Lórí àwọn òkè olókùúta agbègbè yẹn ni Kumara plicatilis ti wá, èyí tí ewé rẹ̀ tò ní ìlà méjì bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà òtútù ló ń dàgbà, nígbà ooru ló ń sinmi. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e lọ síbi tí òjò ti ń rọ̀ nínú ooru, ká sì tún máa bomi rin ín lójoojúmọ́ torí pé oòrùn ń mú. Ìgbà tó yẹ kó sùn gan-an la ń jí i, gbòǹgbò rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ á máa rẹ sínú omi gbígbóná, á sì rà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé ooru ló pa á. Omi ló pa á, nítorí pé lásìkò tí kò béèrè fún un ló dé.

Ẹ wá wo Aloe polyphylla, ọmọ òkè Maluti ní Lèsótò. Ìlà márùn-ún ni ewé rẹ̀ tò sí, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń yí po láti àárín bọ̀ síta, àwọn kan sí ọ̀tún, àwọn kan sí òsì. Mi ò tíì rí ewéko tó lẹ́wà tó o. Ní ibi tó ń gbé, òjò ìgbà ooru pọ̀, kùrukùru ń bo òkè, òjò dídì sì ń bọ́ lé e lórí nígbà òtútù. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀dá bí àwọn ìbátan rẹ̀. Ó ń fẹ́ omi déédéé nígbà ooru, kò sì fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ gbóná rárá. Ẹni tó bá gbọ́ pé alóè ni, tó wá fi í sínú yanrìn gbígbẹ láàárín ọ̀sán gangan, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ojú òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń hù sí, láàárín òkúta, níbi tí omi ti ń wọlé tó sì ń jáde lójú ẹsẹ̀. Omi púpọ̀ ló fẹ́, àmọ́ omi tó ń kọjá lọ ni.

Èyí tí mo máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti gbìn ni Aloe ferox. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ló ti ń hù ní Gúúsù Áfíríkà. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yẹn, ìgbà òtútù lòjò ń rọ̀ sórí rẹ̀, ní apá ìlà-oòrùn, ìgbà ooru ni. Ó ti mọ òjò méjèèjì, nítorí náà ó máa ń gba àṣìṣe ẹni tó gbìn ín. Aloe arborescens náà rọrùn. Igbó ṣúúrú ló máa ń ṣe, àwọn ènìyàn sì ti ń fi í ṣe ọgbà yí agbo ẹran ká ní gúúsù Áfíríkà tipẹ́tipẹ́. Ní ti Aloe vera tí gbogbo ayé mọ̀, ìwádìí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ Lárúbáwá pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Ní pápá oko ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì rèé, Aloe buettneri ní ọ̀nà mìíràn: bí ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ á kú pátá, ìdí rẹ̀ tó wú sínú ilẹ̀ nìkan ni yóò kù, títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi pè é jáde.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra alóè kan, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún. "Alóè" nìkan kò tó. Orúkọ yẹn ló máa sọ ibi tó ti wá fún yín, ibi tó ti wá ló sì máa sọ ìgbà tí ẹ ó fún un lómi.

Ilẹ̀ ló kàn. Gbòǹgbò alóè kì í wọlẹ̀ jìnnà, ńṣe ló máa ń tàn ká nítòsí ojú ilẹ̀ kó lè tètè gba òjò kékeré. Gbòǹgbò náà ń mí, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀ ló sì ń mí sínú. Bí omi bá dúró sí àyè yẹn, afẹ́fẹ́ ti lọ, gbòǹgbò á kú, olú àti kòkòrò àìfojúrí á wọlé. Ohun tó wá ń ba ni nínú jẹ́ ni pé alóè tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé rẹ̀ á rọ, á dà bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó ni ín á tún bu omi sí i. Àánú ló ṣe é, àmọ́ àánú yẹn ló máa pa á. Ẹ fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó gbé omi. Ewé alóè tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń tín-ín-rín, etí rẹ̀ á ká wọ inú, ṣùgbọ́n á ṣì le lọ́wọ́. Èyí tó ń rà á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á di ti omi, bí ẹ bá sì fà á, á já láti ìdí, tòun ti òórùn.

Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ má wulẹ̀ gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ kí ẹ sì fi yanrìn kún ihò náà, nítorí inú ihò yẹn ni omi gbogbo àyíká máa sàn wá. Ẹ mọ ebè sókè dípò rẹ̀. Ebè tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn oníhóró ńlá pọ̀ nínú rẹ̀ tó ìdajì, á jẹ́ kí omi òjò kọjá. Yanrìn kúnná kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, ńṣe ló máa ń dí àyè afẹ́fẹ́. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú ilẹ̀, kí ẹ má fi èèpo igi bò ó, nítorí èèpo igi á máa mú ọ̀rinrin mọ́ ọrùn alóè. Níbi tí òjò bá ti pọ̀ gan-an, ẹ gbìn ín kó dagun díẹ̀, kí omi má bàa dúró sí àárín ewé rẹ̀.

Ní ti ìkòkò, ìkòkò amọ̀ tí wọn kò kùn ni mo fẹ́, nítorí ó ń mí láti ẹ̀gbẹ́. Ohun kan wà tí àwọn ológbà ti ń ṣe láti ayébáyé tó yẹ ká fi sílẹ̀: kíkó òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè tètè jáde. Kì í mú omi jáde. Omi inú iyẹ̀pẹ̀ kúnná kì í bọ́ sínú òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àfi tí iyẹ̀pẹ̀ bá kún fún omi tán, nítorí náà òkúta yẹn ń gbé ibi tó tutù jù lọ sókè sún mọ́ gbòǹgbò ni. Ẹ po òkúta náà mọ́ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ihò wà ní ìdí ìkòkò.

Bí àsìkò omi bá wá tó, ẹ fún un bí òjò gidi ṣe ń rọ̀. Ẹ bu omi sí ilẹ̀ yí i ká títí á fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀ ìkòkò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀ títí inú iyẹ̀pẹ̀ á fi gbẹ pátápátá. Omi ife kékeré kan lójoojúmọ́ ló burú jù, torí pé kì í dé gbòǹgbò ìsàlẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ rí. Mo máa ń gbé ìkòkò mi sókè kí n tó pinnu; ìwúwo rẹ̀ ń sọ òótọ́ ju ojú ilẹ̀ lọ. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, mo ń ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n wò ó bóyá ó jáde ní gbígbẹ.

Oòrùn náà fẹ́ ìkíyèsí. Alóè tí wọ́n tọ́ lábẹ́ òrùlé, bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn gangan lọ́jọ́ kan, oòrùn á jó o, àpá náà kò sì ní kúrò lára ewé yẹn títí tí ewé náà á fi gbó. Ẹ máa sún un síta díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti mọ́ oòrùn lára, ewé rẹ̀ lè pọ́n nígbà ẹ̀rùn. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Aró kan ló ń ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀, bí omi bá sì dé, ewé á tún padà di tútù. Ní ibi tí òtútù ti ń le, omi inú ewé lè dì kó sì fa ara ewé ya, Aloe vera kò sì lè fara da òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ 0°C fún ìgbà pípẹ́. Alóè tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ máa ń fara da òtútù ju èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù lọ. Nítorí náà, ẹ dá omi dúró kí òtútù tó dé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bọ́ ewé gbígbẹ tó bo igi Aloe ferox kúrò. Mo mọ̀ pé ojú ẹlòmíràn á rí i bí ìdọ̀tí. Nínú igbó, aṣọ ewé gbígbẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná pápá dé ara igi rẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ wá ńkọ́! Ọ̀pọ̀ alóè gúúsù Áfíríkà, ìgbà òtútù ni wọ́n ń yọ òdòdó, pupa àti olómi ọsàn, nígbà tí ohun mìíràn nínú ọgbà ti sùn. Bí wọ́n bá gbé wọn lọ sí apá àríwá ayé, wọ́n á yí oṣù wọn padà, wọ́n á tẹ̀ lé òtútù ibẹ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu gígùn tó ń mu oje òdòdó ló ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, oyin náà sì ń wá. Ọgbà tó bá ní alóè mélòó kan tí òdòdó wọn tẹ̀ léra ní oúnjẹ fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí lásìkò ìyàn, mo sì ka ìyẹn sí ìdí tó tó láti gbìn wọ́n, kódà bí a kò bá ní fi ewé wọn ṣe ohunkóhun.

Lórí ọ̀rọ̀ ewé náà: oje tó korò lábẹ́ awọ yẹn kò ṣeé fi ṣeré. Ó máa ń mú kí ènìyàn yàgbẹ́ gan-an. Lọ́dún 2002, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn oògùn ìyàgbẹ́ tí ènìyàn lè rà láìsí ìwé dókítà, nítorí pé kò sí ẹ̀rí tó tó pé kò léwu. Ajá àti ológbò tó bá jẹ ewé rẹ̀ lè ṣàìsàn. Ẹ gbìn ín síbi tí ẹnu wọn kò ti ní tó o.

Kòkòrò rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù ni kòkòrò tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí, tó máa ń mú kí ara alóè wú kókókóó bíi jẹjẹrẹ. Kò sí ohun tí a ń fi í tọ́jú rẹ̀ tó dájú ju ọ̀bẹ lọ: ẹ gé e kọjá ibi tó wú, ẹ sun ún níná, ẹ sì fọ ọ̀bẹ náà dáadáa kí ẹ tó fi kan òmíràn.

Bí alóè yín bá bímọ sí ìdí, ẹ lè yọ ọmọ náà tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ má sì tètè bu omi sí i. Ewé tí wọ́n gé lásán kì í sábà hù, ńṣe ló máa ń rà. Aloe ferox kì í sábà bímọ sí ìdí, irúgbìn rẹ̀ ni ẹ ó gbìn. Ọ̀pọ̀ alóè, ọ̀kan ṣoṣo kì í lè fi àtíkè òdòdó tirẹ̀ so irúgbìn, ẹ ó nílò méjì tó yọ òdòdó pa pọ̀. Wọ́n sì máa ń tètè bá irú mìíràn lò pọ̀, nítorí náà irúgbìn inú ọgbà tí alóè bá pọ̀ sí lè mú ọmọ tí kò jọ ìyá jáde.

Irúgbìn ni mo fẹ́ràn jù, ìdí mìíràn sì wà tí mo fi ń rọ ẹlòmíràn sí i. Wọ́n ń wú alóè nínú igbó tà. Òfin ti dáàbò bo Aloe polyphylla ní Lèsótò láti ọdún 1938, CITES, àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò ewéko àti ẹranko igbó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, sì ti fòfin de títà èyí tí wọ́n bá wú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Gbogbo alóè tó kù náà wà lábẹ́ ìṣọ́ àdéhùn yẹn, àyàfi Aloe vera. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń wú u, èyí tí wọ́n bá sì wú lórí òkè, ó ṣọ̀wọ́n kó yè ní ibòmíràn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ bí ó ṣe rí i, ẹ má rà á.

Irúgbìn rẹ̀ wà, ó sì ń hù. Inú àwo omi mímọ́ ni wọ́n máa ń da irúgbìn Aloe polyphylla sí, kó máa léfòó lójú omi, níbi tó tutù tó sì mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ omi náà kó má bàa rùn. Bí gbòǹgbò funfun bá ti yọ, ẹ rọra gbé e sórí iyẹ̀pẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tó tutù díẹ̀, kí ẹ sì fi ìbòjì ṣíji bò ó. Ewé rẹ̀ kì í yí po láti kékeré, ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ lára irúgbìn bóyá ọ̀tún ló máa yí sí àbí òsì. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, àfi kí ẹ gbin púpọ̀.